Fèrèsé Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Òjò

Nǹkan mẹ́rin ló bàjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ àmúwá Ọlọ́run. Èkíní, ìyá kan wo iṣẹ́ ọwọ́ bàbá ọmọbìnrin kan, ó sì fi iṣẹ́ náà díwọ̀n ọmọ. Èkejì, ọkùnrin tó ní òun yóò mú àwọn ẹbí òun wá tọrọ ọmọbìnrin náà kò wá, kò ránṣẹ́ òtítọ́, kò sì padà wá sọ ohun tó dá a dúró. Ẹ̀kẹta, alárinà tó mọ gbogbo rẹ̀ fi irọ́ rírọ̀ bò ó mọ́lẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun. Ẹ̀kẹrin ló burú jù: lẹ́yìn ọdún méje, ọkùnrin yìí kan náà fi ọ̀rọ̀ náà ṣe fíìmù, nínú fíìmù náà, ọmọbìnrin ló kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Iṣẹ́ agéfíìmù ló ń ṣe. Bí àwọn òṣèré bá ti ṣe tiwọn tán, tí oníkámẹ́rà náà sì ti ya tirẹ̀, gbogbo àwòrán a wá bá a nínú yàrá kékeré kan tí aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀. Yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, yóò gé èyí tó gùn, yóò ju èyí tí kò wúlò nù, yóò so ìyókù pọ̀ títí yóò fi di ìtàn. Nítorí pé ẹ̀bẹ̀ olùdarí kì í dá ọwọ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sọ ọ́ ní Alábẹ. Orúkọ náà kò bí i nínú. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tí kò bá fẹ́ abẹ, kó má ya ìyàkuyà."

Òun kọ́ ló wá iṣẹ́ fíìmù tí à ń sọ yìí lọ. Onígbọ̀wọ́ ló gbé e wá, obìnrin kan tó máa ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Kò tilẹ̀ tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Alábẹ, gbà mí. Mo fi owó ara mi ra oorun."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, mà?"

"Fíìmù kan ni. Ọkùnrin kan ń rántí obìnrin tó já a sílẹ̀. Ó rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rántí rẹ̀. Ó fẹ́ bu omi mu, ó rántí rẹ̀. Lánàá mo sùn lọ níbẹ̀, mo jí, ọkùnrin náà ò tíì bu omi ọ̀hún!"

Alábẹ rẹ́rìn-ín. "Ta ló darí ẹ̀?"

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ó ti dé láti òkè òkun."

Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Gbogbo ará iṣẹ́ ló ń pe ọkùnrin náà ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí pé kò sí ohun tó ń yára nínú fíìmù rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé Alábẹ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, ní ìgbà tí orúkọ náà ṣì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó yẹ kó sọ pé ọwọ́ òun ti kún. Ó ti la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó jáde ni, "Ẹ gbé e wá."

Fíìmù náà lẹ́wà. Ká má purọ́ mọ́ ẹni tí a bínú sí. Ọkùnrin kan tó ti ń hu ewú padà sí ilé kan tó ti ṣófo. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan, ó bá ara rẹ̀ nígbà èwe. Ó ṣí òmíràn, ó bá àga kan ṣoṣo láàárín omi. Ohùn obìnrin ń pè é láti yàrá kejì. Bó bá débẹ̀, ohùn náà a ti kọjá sí ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó ń yára, kò sẹ́ni tó ń pariwo. Ó dà bí àlá tí èèyàn lá lọ́sàn-án gangan, tó jí tán, tí kò mọ yàrá tí òun wà.

Lẹ́yìn náà ni òjò dé. Ọkùnrin náà, tó ti padà di ọ̀dọ́, dúró ní òpópónà nínú òjò, ó gbójú sókè. Àwòrán yí padà: fèrèsé kan. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ó bojú wo ìsàlẹ̀, ó na ọwọ́, ó sì fa kọ́tìnì dé. Àwòrán tún yí: ọkùnrin náà wó lulẹ̀ lórí eékún nínú ẹrẹ̀.

Alábẹ dá a dúró. Ó dá a padà sẹ́yìn, ó tún un wò. Òṣèré ni ọkùnrin inú òjò. Ọmọbìnrin ojú fèrèsé kì í ṣe òṣèré. Alábẹ fúnra rẹ̀ ni.

*

Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé, sitúdíò kan náà ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, òun nídìí kọ̀ǹpútà, ọkùnrin náà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ó gbé àwòrán kan wá bá a, ó sì dúró lẹ́yìn àga rẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun fún ìyàwó ilé.

"Kí ni mò ń wò?" ni Alábẹ bi í.

"Omi."

"Mo rí i pé omi ni. Kí ni omi náà ń ṣe?"

"Ó dúró sójú kan."

"Kó lọ dúró níta." Ó gé e.

Ọkùnrin náà bínú jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó padà wá. "Mo tún un wò," ó ní. "Ibi tí o gé e sí gan-an ló yẹ kó parí. Èmi kì í mọ ibi tó yẹ kí nǹkan parí sí."

"Fẹ́ mi, kí n máa bá ọ parí wọn."

Àwàdà ni. Àwọn méjèèjì ló mọ̀ pé àwàdà ni. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin náà ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà sitúdíò bí iṣẹ́ bá parí. Wọn a jọ rìn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìwé kan, wọn a máa jiyàn lórí ohun tó gùn àti ohun tó kúrú. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́," Alábẹ a pè é, "bó o bá ń rìn báyìí, a ó darúgbó ká tó dé ìkóríta." Òun a sì dáhùn pé, "Ta ló ń lé wa?"

Ilé bàbá Alábẹ ní yàrá lókè àti ibi iṣẹ́ nísàlẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá náà, ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù. Ní ọ̀sán kan tí oòrùn mú ganrínganrín, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé kámẹ́rà dúró sí òpópónà, ó fẹ́ dán lẹ́ǹsì tuntun wò. Alábẹ yọjú lókè, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ni ọkùnrin náà bá pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Bàbá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ o! Fa kọ́tìnì!" Alábẹ fa kọ́tìnì dé, ó sì fi aṣọ náà bo ẹnu rẹ̀ kí bàbá má baà gbọ́ ẹ̀rín.

Àwòrán náà nìyí. Ọjọ́ ayọ̀ ni, oòrùn ni, ọkùnrin náà ló sì ní kó fa kọ́tìnì. Wọ́n ti gé ẹ̀rín kúrò níwájú rẹ̀. Wọ́n ti fi àwọ̀ eérú pa oòrùn ojú rẹ̀ kó lè bá òjò mu. Wọ́n ti yọ ohùn tó pariwo láti ìsàlẹ̀, wọ́n sì da ìró òjò sí ipò rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ojú kan náà ni èèyàn ń gbé ká. Ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ ọn níwájú ló ń sọ fún ayé bóyá ìfẹ́ ni tàbí ìkà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó sì ṣe é kò lè sọ pé àṣìṣe ni.

*

Ìyá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jẹ́ mètírọ̀n ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Kódà nínú ilé ara rẹ̀, ó máa ń jókòó bí ẹni tó ń dúró kí àwọn nọ́ọ̀sì wá jábọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ mú Alábẹ lọ kí i, kò na ọwọ́ sí i pé kó jókòó.

"Kí ni bàbá rẹ ń ṣe?"

"Gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n, mà."

"Wọ́n ní ilé iṣẹ́?"

"Ìsàlẹ̀ ilé wa ni, mà."

"Ìyẹn ni pé orí ayùn lẹ ń sùn." Mètírọ̀n yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwé ni mo fi tọ́ ọ. Mi ò fi ìrẹ́ pákó tọ́ ọ."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń wo ilẹ̀. Alábẹ dúró kó sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ náà mọ́, kò sí ohun kan lórí rẹ̀ tó yẹ ní wíwò tó bẹ́ẹ̀.

"Mà," ni Alábẹ wá sọ, "pákó náà lẹ jókòó lé."

"Ẹnu rẹ mú."

"Iṣẹ́ mi ni, mà."

Nígbà tí wọ́n dé òpópónà, ọkùnrin náà ní, "O ò bá ti dákẹ́."

Alábẹ ní, "Ìwọ náà ò bá ti sọ̀rọ̀."

Ká ní Alábẹ gé e níbẹ̀ ni, ìtàn yìí ìbá ti parí, ìbá sì parí dáadáa. Ṣùgbọ́n abẹ kì í fá orí ara rẹ̀. Alóhùn, ọ̀rẹ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún fíìmù, ló di alárinà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń fi oyin pa ọ̀rọ̀ tó korò. Níkẹyìn, ó mú ìròyìn wá pé Mọ́mì, ìyá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ti gbà, wọn ó sì wá tọrọ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé.

Bàbá Alábẹ gbá ibi iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tóńtó. Ó to àwọn àga tí òun fúnra rẹ̀ kàn sí ọ̀wọ́ méjì, ọ̀wọ́ kan fún ẹbí tirẹ̀, ọ̀wọ́ kan fún àwọn àlejò. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, wọ ọkọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n jókòó. Oòrùn wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ó rìn kọjá lórí àwọn àga tó ṣófo ní ìkọ̀ọ̀kan, ó sì jáde. Alóhùn nìkan ló dé.

"Ara Mọ́mì ni kò yá díẹ̀," ó ní.

"Kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà," ni bàbá dáhùn. "A ó máa dúró."

Wọ́n dúró. Nígbà tí àwọn àgbà dìde tán láti lọ, bàbá Alábẹ tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ má bínú. Mo fi ọjọ́ yín ṣòfò. Ẹ má bínú." Alábẹ ń wò ó láti orí àtẹ̀gùn. Kò sunkún. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tó fi gbọ́ pé Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti wọ ọkọ̀ òfurufú lọ kọ́ṣẹ́ ní òkè òkun.

Àwọn àgbà tó jókòó lọ́jọ́ náà ti kú tán báyìí. Nínú àwọn tó jókòó dúró, ẹni méjì péré ló kù tó mọ bí ọjọ́ náà ṣe rí, òun àti bàbá rẹ̀. Bàbá sì ti ń gbàgbé. Yóò rẹ́ pákó kan tán, yóò dúró tì í, yóò ní, "Kí ni mo fẹ́ fi èyí kàn?" Nígbà mìíràn yóò jókòó nídìí oúnjẹ, yóò ní, "Ọmọkùnrin tó máa ń dúró sí òpópónà yẹn, kí ló dé tí kò wá mọ́? Ṣé ìwọ lo lé e?"

"Rárá o, Bàbá. Àwa la jókòó. Àwọn ni ò wá."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Lóòótọ́. Àwa la jókòó." Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, yóò tún bi í. Alábẹ yóò tún sọ fún un. Bí èèyàn ṣe ń ti nǹkan lẹ́yìn kó má baà wó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ti òtítọ́ náà lẹ́yìn lórí bàbá rẹ̀, nítorí pé kò sí ibòmíràn tí òtítọ́ náà tún wà.

*

"Ìyàwó wa!" ni Alóhùn fi wọ yàrá ìgéfíìmù.

"Ìyàwó ta ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣé èèyàn ò lè ṣeré mọ́ ni?"

"Ẹ lè ṣe é. Ṣebí ọdún keje rèé tẹ́ ẹ ti ń ṣe é bọ̀." Alábẹ tọ́ka sí síkírìnì. "Ohùn tó wà lára àwòrán fèrèsé yìí, ta ló yọ ọ́?"

Alóhùn wúkọ́. "Ariwo ni, àbúrò. Ìró ọkọ̀, ìró ayùn Bàbá..."

"Ṣé ariwo lohùn ọ̀rẹ́ yín náà?"

"Ohun tí wọ́n ní kí n yọ ni mo yọ. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún mi."

"Bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá sọ pé ara Mọ́mì ò yá."

Alóhùn wá àga jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rí oyin kankan fi pa á. "Ara wọn le bí òkúta," ó ní. "Wọ́n gbé àga dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní bó bá ré wọn kọjá, kó má pe àwọn ní ìyá mọ́. Ó ti wọ bàtà tán, àbúrò. Ó jókòó tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn lójú àwọn àgbàlagbà?"

"Ẹ ò sì sọ ọ́ fún èmi náà."

"Ó rán mi sí ọ," Alóhùn sọ kíákíá. "Ó ní òun ṣì fẹ́ ọ. Ó ní ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo fíìmù yìí. Mọ́mì náà ti rọ̀. Àgbà ti dé sí wọn."

"Ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣẹ́. Kó wá fúnra rẹ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò bìkítà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, kí ọkùnrin náà tó dé, ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń nu àga kejì inú yàrá náà. Ó ju aṣọ ìnulẹ̀ sílẹ̀, ó bú ara rẹ̀. Kí ni o ń nu àga fún? Ṣé o ti gbàgbé àwọn àga tó ṣófo ni? Kò gbàgbé. Síbẹ̀, bí ìró ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yẹn ti ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ̀, àyà rẹ̀ lù bíi ti ọmọge. Ìyẹn gan-an ló tún bí i nínú sí i.

Ọkùnrin náà ti sanra díẹ̀. Ó jókòó. "O ò yí padà," ó ní.

"Má sọ ọ̀rọ̀ inú fíìmù fún mi. Kí ló dé tó o ní mo kọ̀ ọ́?"

"Bí mo ṣe rántí rẹ̀ nìyẹn. Mo wà nílùú òtútù, mi ò ní ẹnì kankan, ojú rẹ nìkan ló máa ń wá bá mi, ojú fèrèsé yẹn. Lójoojúmọ́ ni kọ́tìnì yẹn ń dé lójú mi. Ìrántí kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tó bá dun èèyàn ló ń rántí."

"Ẹni tí ó dùn dà? Èmi ni ó dùn!" Alábẹ kò jiyàn mọ́. Ó ti wá odindi àwòrán náà rí nínú àwọn èyí tí wọ́n kó fún un, kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n tó pa oòrùn rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ọmọbìnrin kan kún yàrá náà. Ìró ayùn ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan pariwo, ìdùnnú kún inú rẹ̀: *Bàbá ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ o! Fa kọ́tìnì!*

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fi ọwọ́ bo ojú. "Mo ti gbàgbé," ó ní. "Mo fi ojú mi rí i pé mo ti gbàgbé. Dárí jì mí."

"Bàtà tó o wọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ṣé o gbàgbé ìyẹn náà?"

"Rárá. Ẹ̀rù Mọ́mì bà mí. Ìtìjú ló gbé mi wọ ọkọ̀ òfurufú." Omi wà lójú rẹ̀, omi náà sì jẹ́ òtítọ́, Alábẹ mọ omi tòótọ́ yàtọ̀ sí ti òṣèré. "Yọ fèrèsé náà. Gé e dànù. Mú Bàbá wá wo fíìmù lọ́jọ́ Sátidé, èmi náà á mú Mọ́mì wá. Tó bá parí, èmi fúnra mi á dìde, mà á sọ ohun tí mo ṣe fún wọn, mà á sì tọrọ rẹ bó ṣe yẹ kí n ti tọrọ rẹ."

Ó yẹ kó lé e jáde. Kò lé e jáde. Ó gé fèrèsé náà kúrò níṣojú rẹ̀, ó tún ibẹ̀ so pọ̀. Ọkùnrin inú òjò kàn ń wo ilé tí ó ṣófo. Ó ní, "Sátidé." Nígbà tó délé, ó fọ agbádá bàbá rẹ̀, ó lọ̀ ọ́. Bàbá ní, "Níbo là ń lọ?" Ó ní, "A ń lọ gbọ́ òtítọ́, Bàbá." Ìrètí ti mú un, ìrètí kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó fi ìrètí ẹlòmíràn ṣeré ló ṣẹ̀.

*

Yàrá ìwòran sitúdíò náà kò tóbi. Onígbọ̀wọ́ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Alóhùn. Mètírọ̀n, tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gún bí àná. Ó kí bàbá Alábẹ, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Alábẹ di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Iná kú.

Ọkùnrin tó ń hu ewú rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Àga dúró láàárín omi. "Ó dára o," bàbá sọ wẹ́lẹ́, "ẹni tó kan àga yẹn mọṣẹ́." Òjò dé. Ọkùnrin náà gbójú sókè.

Fèrèsé.

Wọ́n ti dá a padà. Oòrùn ojú rẹ̀ tún ti di eérú. Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ láìsí ẹ̀rín, láìsí ohùn, ó fa kọ́tìnì dé, ọkùnrin náà sì wó sínú ẹrẹ̀. Alábẹ yíjú sí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin náà kò wò ó. Ó rọra tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú pé, "Mo gbìyànjú láìsí i. Kò ní òpin. Fíìmù náà ò ní òpin láìsí i. Jẹ́ ká wò ó tán."

Nígbà tí iná tàn, omijé ti rin irùngbọ̀n bàbá. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti ọmọ rẹ̀. "Ìwọ nìyẹn," ó ní. "Fèrèsé wa nìyẹn. Mo dá a mọ̀, èmi ni mo kàn án."

"Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀..."

"Mo rí i! Ojú mi ni mo fi rí i." Ó gbára dìde, ó di àga mú lọ síwájú, ó sì rọra kúnlẹ̀ níwájú Mètírọ̀n àti ọmọ rẹ̀, òun arúgbó tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. "Ẹ foríjì wá. Ẹ ò ṣẹ̀ wá. Gbogbo ọdún yìí ni mo ti ń rò pé ẹ̀yin lẹ ò wá. Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi ló lé ọmọ yín sínú òjò. Ẹ má bínú."

Mètírọ̀n mọ ibi tí òun gbé àga òun dí lọ́jọ́ náà. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Ó fi ọwọ́ kan èjìká bàbá náà. "Ó ti tán, Bàbá," ó ní. "A ti foríjì yín. Ọmọdé ni wọ́n nígbà yẹn."

Alóhùn wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó la ẹnu. Fún ìṣẹ́jú kan, Alábẹ rò pé ó fẹ́ sọ ọ́. Ó nawọ́ láti gbé bàbá náà dìde, ó ní, "Ó ti kọjá, Bàbá. Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká sọ tọ̀la."

"Fi bàbá mi sílẹ̀," ni Alábẹ wí.

Kò pariwo. Ó lọ síwájú, ó gbé bàbá rẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, ó gbé e jókòó, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọkùnrin náà.

"Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti parí. Má tún rán ẹnikẹ́ni sí mi. Ìyẹn kọ́ ni mò ń bá ọ sọ."

"Alábẹ, níwájú gbogbo èèyàn..." ni Mètírọ̀n bẹ̀rẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ṣe tiyín ní gbangba, ẹ̀yin ò sì sọ pé ẹ fẹ́ràn mi rí." Kò mú ojú kúrò lára ọmọ Mètírọ̀n. "Ìwọ. O gbọ́ ohùn ara rẹ nínú yàrá yẹn, o sunkún, o ní kí n gé e dànù. O gba ẹ̀yìn mi, o lẹ̀ ẹ́ padà. Nígbà àkọ́kọ́, o lè sọ pé o gbàgbé. Lónìí, o mọ̀. Bàbá mi ti ń gbàgbé orúkọ ìyàwó tí wọ́n sin. Òtítọ́ kan ṣoṣo tí mò ń tọ́jú sí wọn lórí ni pé àwọn jókòó, ìwọ ni ò wá. O ti gbà á lórí wọn. Bí wọ́n bá fi òní sùn láìgbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, ohun tí wọ́n rí lára ògiri yẹn ni wọn yóò gbé lọ sí sàréè: pé ọmọ àwọn jẹ́ ìkà, pé àwọn jẹ ọ́ ní ẹ̀bẹ̀."

"Mà á sọ fún wọn," Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní. "Fún mi ní àkókò díẹ̀. Jẹ́ kí n wá ọ̀nà tó rọrùn."

"Má wá ọ̀nà. Má wo ilẹ̀, má wo ojú Mọ́mì. Dìde lórí àga yẹn nísinsìnyí, kí iyè wọn tó tún ṣí kúrò níbí. Kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi níbi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí fún ọ, wo ojú wọn, kí o sì sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́: 'Ẹ jókòó dè mí, Bàbá, èmi ni mi ò wá.'"